Ègé ni Kọ́mà, Kì í Ṣe Ìdánudúró: Bí A Ṣe Ń Fi Àmì Sí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Onílé kan ní àdúgbò Under-G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú bébà pélébé kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara géètì. Ohun tí bàbá fẹ́ sọ kò ju pé kí àwọn ayálégbé tí kò tíì san owó omi wá rí òun. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wọ́n lọ, mo fi kọ́mà méjì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́:

"Tenants, who have not paid for water, should see me."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí èrò fi kún ẹnu ọ̀nà bàbá. Àwọn tó ti san tiwọn láti oṣù tó kọjá ló ń bínú jù. Wọ́n ní ìwé ara géètì sọ pé kò sẹ́ni tó sanwó nínú àwọn. Bàbá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kọ́mà méjì tèmi ló sì sọ ọ́. Ká ní "Tenants who have not paid for water should see me" ni mo tẹ̀, àwọn onígbèsè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ì bá kàn.

Mo tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ kọ́mà àwọn oníbàárà mi, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìwé àṣekágbá fásitì, ìbáà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Àṣìṣe wa jọra bí ìbejì, ibì kan náà ló sì ti ń wá: etí Yorùbá la fi ń wá ibi tí kọ́mà Gẹ̀ẹ́sì yóò jókòó sí. Ibi tí a bá ti mí, ibẹ̀ la ó fi í sí.

Ẹ̀bi wa nìkan kọ́. Orúkọ tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, àmì ìdánudúró díẹ̀, òun gan-an ló ń sọ pé ká dánu dúró. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aristophanes ará Byzantium, olórí ilé ìkówèésí Alẹkisáńdíríà ní ohun tó lé ní 2,100 ọdún sẹ́yìn, fi tóótòòtó sí ara ìwé kí ẹni tó ń kà á sókè lè mọ ibi tí yóò ti dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà "comma" túmọ̀ sí lédè Gíríìkì: ohun tí a gé, ègé. Ègé yìí ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní dì mú. Kọ́mà ń gé gbólóhùn ní oríkèé, bí alápatà ṣe ń fọwọ́ wá oríkèé ẹran kó tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí a tó mọ ibi tí a ó ti gé e, a ní láti mọ ibi tí oríkèé wà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí gbólóhùn parí sí

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́mà. Fúlúsítọ́ọ̀pù ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ wá bi ara yín pé ta ni olùwà rẹ̀, ta ló ṣe é. Olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ tó lè dá dúró láìní alátìlẹ́yìn, odindi gbólóhùn nìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tó gba fúlúsítọ́ọ̀pù tirẹ̀.

Ibí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ ń dà wá láàmú. Bí mo bá sọ pé, "Mo dé ọjà Tákíè, n ò bá ọ níbẹ̀, mo padà sílé," kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní mo ṣì í sọ. Àwọn awẹ́ gbólóhùn wa a máa tò tẹ̀ lé ara wọn láìsí ọ̀rọ̀-àsopọ̀ kankan láàárín, ó sì dùn ún gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà:

"I got to Takie market, I did not see you, I went home."

Yẹ́rẹ́pẹ́ ni èyí lára tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn mẹ́ta tó lè dá dúró la fi kọ́mà lásán so pọ̀, kọ́mà kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí ni mo ń rí jù lọ lórí tábìlì mi, ó fi ìlọ́po mẹ́ta ju èyíkéyìí mìíràn lọ, nítorí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin la lè gbà tún un ṣe. Èkíní, ká fi fúlúsítọ́ọ̀pù gé e: "I got to Takie market. I did not see you." Èkejì, ká fi kọ́mà sí i, ká sì fi ọ̀rọ̀-àsopọ̀ tì í lẹ́yìn: "I got to Takie market, but I did not see you." Ẹ̀kẹta, ká fi sẹmikọ́lọ̀nù sí i bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá fara tira pẹ́kípẹ́kí: "I got to Takie market; I did not see you." Ẹ̀kẹrin ni pé ká sọ ọ̀kan nínú wọn di awẹ́ afarahẹ, èyí tí kò lè dá dúró: "When I did not see you at Takie market, I went home." Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ ohun tó fa ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀-àsopọ̀ tó lè bá kọ́mà ṣiṣẹ́ yìí kò ju méje lọ: for, and, nor, but, or, yet, so. Ẹ há wọn sórí bí orin. "However" kò sí nínú wọn, "therefore" kò sí níbẹ̀, "then" náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ "I called you, however you did not answer" ti ṣubú sínú kòtò kan náà. "I called you; however, you did not answer" ló tọ̀nà. Sẹmikọ́lọ̀nù wà níwájú rẹ̀, kọ́mà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe WAEC, ẹ jẹ́ kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì àròkọ. Nínú 50, kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò rẹ̀ ní 10, ọgbọ́n ìlò èdè ní 20. 10 yòókù wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì, ìdajì máàkì ni wọ́n sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Kọ́mà ogún tó ṣìnà lè kó gbogbo 10 yẹn lọ.

Ibi tí kọ́mà kò gbọdọ̀ dé

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ọkùnrin tó ń ta láfún nítòsí ààfin, àbúrò bàbá mi ni." Kọ́mà ibẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Yorùbá a máa gbé ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú, a ó dúró díẹ̀, a ó wá sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìdúró yẹn la máa ń gbé wọ Gẹ̀ẹ́sì:

"The man who sells lafun near the palace, is my uncle."

Kò dáa. Láti "The man" títí dé "palace", olùwà ni gbogbo rẹ̀, a kì í sì í fi kọ́mà kan ṣoṣo ya olùwà nípá kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, bó ti wù kí ó gùn tó. Ọ̀nà àtidán an wò rọrùn: ẹ fi "He" dípò gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ lè kọ "He, is my uncle"? Ojú á ti èèyàn. Ẹ yọ kọ́mà náà.

Ìkejì ni kọ́mà ẹ̀yìn "that". Yorùbá fẹ́ràn kí ó sọ "pé" kó sì fà á díẹ̀ kó tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pàápàá nínú ìpàdé ẹbí. Ìyẹn ló ń bí "He said that, he would come." Ẹ kọ ọ́ báyìí: "He said that he would come." Kọ́mà ẹ̀yìn "But" àti "And" níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, bíi "But, I did not go", ẹ gbá a dànù.

"Because" ń kọ́? Bó bá wà láàárín, kì í sábà nílò kọ́mà: "I came late because it rained." Bó bá ṣíwájú, ó nílò rẹ̀: "Because it rained, I came late." Ẹ kíyè sí "although" pẹ̀lú. Àwa a máa sọ pé "bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, ṣùgbọ́n a lọ", a ó sì kọ "Although it rained, but we went." Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ ìyàwó méjì sínú yàrá kan náà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí kọ́mà ń ṣe gan-an

Lójú tèmi, bí èèyàn bá mọ mẹ́rin, ó mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó ń to nǹkan: "She bought yam, beans, pepper and lafun." Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ká fi kọ́mà síwájú "and" tó kẹ́yìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi í sí i, àwọn ará Ìlú Ọba kì í sábà fi í sí i, tìwọn náà la sì bá nílé ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé ìdúpẹ́ kan tí mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀: "I thank my parents, my landlord and my supervisor." Àbí bàbá rẹ̀ ni onílé, ìyá rẹ̀ ni olùkọ́? Kọ́mà kan síwájú "and" á yanjú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, irú kọ́mà yìí kan náà ló dá ẹjọ́ sílẹ̀. Òfin to àwọn iṣẹ́ tí wọn kì í san owó àfikún àkókò lé lórí, ó sì parí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà báyìí: "packing for shipment or distribution of", láìsí kọ́mà kankan síwájú "or". Ṣé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkó ọjà kiri ni, àbí dídi ẹrù fún kíkó kiri ni wọ́n ń sọ? Àwọn awakọ̀ Oakhurst Dairy, tí wọ́n ń gbé mílíìkì kiri ṣùgbọ́n tí wọn kì í di ẹrù, ní àwọn kò sí nínú òfin náà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè wọ́n ní 2017, nígbà tó sì di 2018, mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni pé ó ń ya ìfáárà kúrò lára gbólóhùn gangan. Ẹ ka èyí: "While Mama was frying the children went to sleep." Ẹni tó bá ń yára kàwé á kọ́kọ́ rí ìyá tó ń dín ọmọ. "While Mama was frying, the children went to sleep." Àkàrà ló ń dín.

Ẹ̀kẹta ni tèmi, èyí tó dójú tì mí. Kọ́mà méjì a máa fi ọ̀rọ̀ àfikún sáàárín, bí ìlẹ̀kùn méjì tí a fi wọlé tí a fi jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yanjú rẹ̀: bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ àárín yìí, ṣé a ṣì máa mọ ẹni tí mò ń sọ? "My mother, who sells cashew, is in Oyo." Ìyá kan ni mo ní, mo lè yọ ọ̀rọ̀ káṣú kúrò kó má yí nǹkan kan padà, nítorí náà kọ́mà méjì. "Students who fail will repeat." Bí mo bá yọ "who fail", gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa tún kíláàsì ṣe, nítorí náà kò sí kọ́mà. Ayálégbé bàbá yẹn, irú èkejì yìí ni wọ́n. Ẹ sì má ṣí ìlẹ̀kùn kan kí ẹ gbàgbé ìkejì: "Ogbomoso, in Oyo State is a large town" ṣì ń wá kọ́mà kan lẹ́yìn "State".

Ẹ̀kẹrin ni ìpè. Orúkọ tàbí oyè ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró: "Good morning, sir." "Thank you, ma." "I know Bola" túmọ̀ sí pé mo mọ Bọ́lá. "I know, Bola" túmọ̀ sí pé Bọ́lá, mo ti gbọ́, má wulẹ̀ tún un sọ.

Apọ́sítírófì, ọ̀tá àwọn tó ń kọ pátákó

Bí ẹ bá rìn láti Sábó dé Tákíè, ẹ ó rí apọ́sítírófì lára pátákó níbi tí kò ní iṣẹ́ kankan: "Tomato's", "Phone's", "Shoe's". Ọ̀pọ̀ nǹkan kì í gba apọ́sítírófì. S lásán ti tó.

Iṣẹ́ méjì ló ní. Èkíní ni pé ó ń dúró síbi tí a ti pa lẹ́tà jẹ: "do not" di "don't". Èyí kì í ṣòro fún wa, torí a mọ̀ ọ́n nínú ìwé orin àtijọ́ tí wọ́n ti ń kọ "n'ílé" àti "l'ọ́jà". Èkejì, èyí tó ń dà wá láàmú, ni ti ẹni tó ni nǹkan. Ní Yorùbá, a kàn ń to ọ̀rọ̀-orúkọ méjì síra ni: ilé bàbá, ìwé Bọ́lá. Kò sí àmì kankan láàárín. Gẹ̀ẹ́sì ní ká fi í hàn: "the boy's room" bí ọmọ bá jẹ́ ọ̀kan, "the boys' room" bí wọ́n bá pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ olóhun tán, kí ẹ tó fi apọ́sítírófì sí i. Bí s bá ti wà nídìí rẹ̀ torí pé wọ́n pọ̀, ẹ ò nílò òmíràn mọ́.

"Its" àti "it's": ẹ ka gbólóhùn náà bíi "it is". Bó bá bọ́ sí i, ẹ fi apọ́sítírófì sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ má fi sí i. "Yours faithfully" kò ní apọ́sítírófì láyé. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó pọ̀ débi pé bí wọ́n bá ń san náírà kan fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò bá ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun.

Àwọn àmì yòókù

Ìlú Venice ni sẹmikọ́lọ̀nù ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé títẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1490 sí 1499, lọ́wọ́ Aldus Manutius tó jẹ́ atẹ̀wé bíi tèmi. A ti rí iṣẹ́ rẹ̀ kan lókè. Òmíràn ni pé ó ń to nǹkan tí kọ́mà ti wà nínú wọn: "Ogbomoso, Oyo State; Ilorin, Kwara State; and Osogbo, Osun State."

Kọ́lọ̀nù fẹ́ kí ohun tó wà níwájú rẹ̀ lè dá dúró. "We need: yam, oil and salt" kò bójú mu. "We need three things: yam, oil and salt" ló dáa.

Àmì ìbéèrè rọrùn, àyàfi níbì kan. Yorùbá a máa gbé ìbéèrè bó ṣe wà sínú ìròyìn: "Ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ?" Gẹ̀ẹ́sì á sọ ọ́ di ìròyìn lásán, á sì fi fúlúsítọ́ọ̀pù sí i: "He asked me where I was going." Àmì ìyanu, ẹ fi ọ̀kan sí i bí ó bá pọn dandan. Mẹ́ta pa pọ̀, ariwo ni.

Ní ti déètì, "12 March 2025" kò nílò kọ́mà, "March 12, 2025" nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà níhìn-ín ṣì ń fẹ́ "12th March, 2025". Ohun tí tíṣà yín bá fẹ́ ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín lẹ́tà kan náà.

Bí ẹ ṣe máa yẹ iṣẹ́ yín wò

Ẹ má kà á sókè nígbà àkọ́kọ́. Èémí yín á tún tàn yín jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn tó kẹ́yìn, kí ẹ máa gòkè lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí adùn ìtàn má baà gbé ojú yín lọ. Ní orí kọ́mà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé: èwo ni iṣẹ́ rẹ nínú mẹ́rin yẹn, àbí ìwọ lo wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-àsopọ̀ méje? Èyí tí kò bá rí èsì, ẹ pa á rẹ́. Ìyẹn nìkan máa ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú kọ́mà àwọn oníbàárà mi.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá àyè kan tí kọ́mà tẹ̀ lé. Àyè kì í ṣíwájú kọ́mà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wà. Ilà aláwọ̀ tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn yín lé e pátápátá. Kò mọ iye àbúrò tí ẹ ní.

Ẹ gbìyànjú èyí wò kí ẹ tó wo èsì rẹ̀:

"My brother who lives in Sabo, called me yesterday, he said that, his landlord want's money, I asked him how much is it?"

Bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyí:

"My brother who lives in Sabo called me yesterday. He said that his landlord wanted money. I asked him how much it was."

Bí ẹ bá ní arákùnrin kan ṣoṣo, ẹ fi kọ́mà kan síwájú "who", kí ẹ fi òmíràn sẹ́yìn "Sabo".